Ẹ Kú Àdúrótì, Ẹ Kú Ìnáwó: Ìdúpẹ́ Lẹ́yìn Ayẹyẹ Ọmọ Wa

Ẹ̀yin ẹbí, ará, ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun o. Ayẹyẹ Sátidé tí a fi bá ọmọ wa obìnrin yọ̀, pé ó gba ìwé ẹ̀rí onímọ̀ oúnjẹ aṣaralóore, ti kọjá, gbèsè kò kù nílẹ̀, òjò tó ṣú láàárọ̀ kò rọ̀ títí kálukú fi délé. Ẹsẹ̀ ìyá ọmọ ṣì wú, ṣùgbọ́n ayọ̀ kò jẹ́ kó rántí. Ọlọ́run ló ṣe é.

Ẹ mọ ọmọ yìí láti ìgbà tó ti ń ta òkìtì láti orí àga pálọ̀. Nígbà tí Gabby Douglas, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣe eré òkìtì títa (gymnastics), gba góòlù ní London lọ́dún 2012, tó di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba góòlù àpapọ̀ eré náà ní Òlíńpíìkì, ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni tiwa, kò kúrò níwájú tẹlifíṣọ̀n títí ilẹ̀ fi ṣú. Àǹtí wa tó ń gbé òdìkejì títì, ẹ̀yin la fẹ́ kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún, ká sì kúnlẹ̀ fún. Ọdún mẹ́rin gbáko, bí ìyá rẹ̀ bá wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ní ọsibítù, tí bàbá rẹ̀ wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú tírélà, ẹ̀yin lẹ ń gbé e lọ fún ìdánrawò ní aago márùn-ún ìdájí, pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín gbígbóná nínú kúlà kékeré. Ẹ kò gba owó epo rí. Ọmọ tiyín náà yóò rí ẹni bá wọn dìde.

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ wa sọ nígbà tó gba máìkì, òun fúnra rẹ̀ ló ní ká má fi pamọ́. Kóòṣì kan sọ fún un lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún pé ó ti sanra jù. Láti ọjọ́ náà ló ti ń di èbà rẹ̀ sínú bébà ìnuwọ́ lábẹ́ tábìlì. A jókòó síbẹ̀, a kò rí i. Lọ́dún kejì ní yunifásítì, egungun ojúgun rẹ̀ là láìṣubú. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró fún oṣù mẹ́jọ. Oúnjẹ tó ń jẹ kò tó ara rẹ̀ í lò, egungun kò rí ohun tí yóò fi tún ara rẹ̀ ṣe. Ìyáàfin onímọ̀ oúnjẹ aṣaralóore tó wà pẹ̀lú ẹgbẹ́ wọn kò bá a wí. Ó bi í pé, "Kí lẹ máa ń jẹ nílé yín?" Ó ní ẹ̀wà, èbà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹja. Ìyáàfin náà ní kó padà sí i. Kó kàn jẹ ọsàn lé ẹ̀wà, kó má mu tíì mọ́ ọn, kí ara lè rí èròjà irin (iron) inú ẹ̀wà gbà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, lórí igi tóóró tí wọ́n ń ta òkìtì lé (balance beam), tí kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, wọ́n fún un ní máàkì 9.925 nínú 10.

Ibẹ̀ ni Màmá Ìbàdàn ti dìde. Wọ́n tú ìpèlé wọn, wọ́n fi wé ọmọ lọ́rùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kì í. Onílù dáwọ́ dúró. A kò tíì bọ́ nínú ẹkún yẹn.

Ìwé ẹ̀rí tí a jọ yọ̀ fún, másítà ló kọ́kọ́ gbà, ó ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá fún ohun tó lé ní 1,000 wákàtí, kó tó jókòó ṣe ìdánwò. Àwọn ọmọ eléré ìdárayá ló ń tọ́jú báyìí, ìbéèrè tí ìyáàfin yẹn bi í ló sì ń kọ́kọ́ bi wọ́n.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ pásítọ̀ àti ìyàwó wọn, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Houston, àwọn tó wọ bàálù wá láti London, olóòtú ètò, onílù, àwọn ìyá tó dáná mọ́jú. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ́ ẹ wọ aṣọ ẹbí, tẹ́ ẹ jẹ àmàlà láìlo ṣíbí, ẹ ṣeun púpọ̀.

Ẹni tí a kò dárúkọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, èrò ló pọ̀. Ẹni tí ẹran kò kàn, ẹni tí kò rí ẹ̀bùn gbà, ẹ forí jì wá. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká fi ẹkún san án fún ara wa. Ilé yín kò ní gbẹ, ọmọ yín kò ní yàn kú, ayọ̀ ni yóò máa pè wá jọ, a ó bá yín ṣe tiyín. Àmín.

Kúlà búlúù kan àti gèlè aláwọ̀ ọsàn wà lọ́wọ́ wa. Ẹni tó ni wọ́n, ẹ pè wá.