Àdùkẹ́, má tíì ju kọ́kọ́rọ́ náà sílẹ̀

Leeds, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Àdùkẹ́ mi,

Mo kí ọ o, mo kí Màámi àti gbogbo ará ilé. Ṣé ara wọn ti ń le? Bá mi wò ó bóyá wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn déédéé, torí tí mo bá bèèrè lórí fóònù, "mò ń lò ó" náà ni wọ́n máa ń sọ.

Mo gbọ́ gbogbo ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo tún wá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ti owó tí wọ́n yọ nínú owó oṣù rẹ nílé búrẹ́dì, torí búrẹ́dì tí ò pé, dùn mí. Àmọ́ ti pé ọ̀gá rẹ pè ọ́ lólè lójú àwọn tó ń gbé búrẹ́dì lọ sí Takie àti Under-G ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn tó ń pè ọ́ ní "Àǹtí" láràárọ̀, ìyẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi parí iṣẹ́ òru. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́ mọ̀ pé o kì í mú kọ́bọ̀ oníkọ́bọ̀. O lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Ṣùgbọ́n o ní tí oṣù bá ti parí, wàá ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ níwájú wọn, wàá sọ gbogbo ohun tó wà níkùn rẹ, wàá sì máa lọ. Jọ̀ọ́, Àdùkẹ́, má ṣe é.

Jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí níbí, tí mi ò sọ fún yín nílé. Máníjà kan wà nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Obìnrin náà kàn kórìíra mi ni. Mo lè parí iṣẹ́ ní aago mẹ́wàá alẹ́, kó tún kọ orúkọ mi sí iṣẹ́ aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ òfin wọn ti ọdún 1998 sọ pé wákàtí 11 ló yẹ kí òṣìṣẹ́ fi sinmi láàárín iṣẹ́ méjì. Tí arúgbó kan ò bá jẹun, èmi ni. Tí ilẹ̀ bá tutù, èmi náà ni. Lọ́jọ́ tí mo sọ fún un pé ó ti rẹ̀ mí, ó ní ṣé mo rántí pé ọwọ́ òun ni físà mi wà. Ọ̀rọ̀ yẹn le, torí iléeṣẹ́ tó gbà wá síṣẹ́ ló ń ṣe onígbọ̀wọ́ wa. Tí wọ́n bá yọwọ́, ọjọ́ 60 ni ìjọba sábà máa ń fúnni láti wá onígbọ̀wọ́ mìíràn tàbí kí èèyàn kẹ́rù rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń tìtorí ẹ̀ jẹ ìyà lábẹ́lẹ̀.

Mi ò bá a jà, mi ò sì dákẹ́. Bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Mo ra ìwé kékeré kan. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, kí n tó bọ́ aṣọ iṣẹ́, màá kọ ọ́: ọjọ́, aago, ọ̀rọ̀ tó sọ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ẹni tó wà níbẹ̀. Mi ò kọ pé "ìkà ni" o, ohun tó ṣe nìkan ni mo kọ. Mo ń ya fọ́tò rótà, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń to iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ sí, torí ó máa ń yí i padà lẹ́yìn ẹni. Tó bá fẹnu rán mi níṣẹ́, màá fi ímeèlì ránṣẹ́ sí i: "Ohun tí ẹ ní kí n ṣe lónìí nìyí, tí mo bá ṣì í gbọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún mi." Lẹ́yìn náà mo wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ UNISON, mo kọ ẹ̀sùn sí ọ̀gá àgbà. Òfin ibí gbà kí òṣìṣẹ́ mú aṣojú ẹgbẹ́ tàbí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan dání síbi ìjókòó bẹ́ẹ̀, mo sì mú ẹnì kan lọ.

Máníjà ní irọ́ ni. Ọ̀gá àgbà ní kí n kó àwọn fọ́tò náà wá. Ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó ń fi ìka tọ orúkọ mi láti ọjọ́ dé ọjọ́, ó ń wo kọ̀ǹpútà, ó tún ń wo fọ́tò. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Wọn ò lé obìnrin náà o, má rò pé wọ́n lé e. Àmọ́ wọ́n gba rótà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì dárúkọ físà sí mi létí mọ́. Ìgbà tí mo rí iléeṣẹ́ mìíràn tó gbà láti ṣe onígbọ̀wọ́ mi ni mo tó kúrò níbẹ̀.

Tìrẹ wá ńkọ́? Ká ní o ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lónìí tí ìṣirò búrẹ́dì ò pé, kí ni wọ́n máa sọ? Wọ́n á ní ó jí i, ló fi sá. Àwọn oníbúrẹ́dì Ògbómọ̀ṣọ́ mọra wọn. Ilé bàbá tó ṣe onídùúró rẹ ni ọ̀gá rẹ á sì kọ́kọ́ gbà lọ. Nítorí náà, bàbá yẹn ni kó kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́nu ìwọ fúnra rẹ.

Ohun mìíràn tún nìyí. Labour Act, ìyẹn òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, ń dáàbò bo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ akọ̀wé bíi tìrẹ. Ó ní agbanisíṣẹ́ ò gbọdọ̀ yọ owó òṣìṣẹ́ torí ọjà tó ṣòfò láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí kò bìkítà, kí aṣojú ìjọba lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé. Gbogbo ohun tí wọ́n bá sì yọ lóṣù kan ò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù lọ. Ìdajì ni wọ́n yọ nínú tìrẹ! Tó bá sì di pé wàá lọ, ìwọ tó ti lé lọ́dún méjì níbẹ̀ tí o ò tíì pé márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì lo máa fi sọ fún wọn ṣáájú, nínú ìwé.

Láti ọ̀la lọ, tí wọ́n bá ń kó búrẹ́dì láàárọ̀, kí ìwọ àti ẹni tó ń gbé e jọ kà á, kó fọwọ́ sí i kó tó jáde. Kọ èyí tó jóná àti èyí tó fọ́ sọ́tọ̀. Tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lọ bá ọ̀gá rẹ lọ́sàn-án, nígbà tí ọjà bá ti dẹwọ́. Má lọ láàárọ̀ tí iná ààrò ń jó wọn lójú. Kúnlẹ̀ kí wọn, kí o ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ ká jọ wo ìwé yìí." Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Màámi á ní kí o fọwọ́ wọ́nú. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, àmọ́ lórí ẹni tó pe ọmọ wọn lólè, mi ò gbà pé sùúrù nìkan tó. Tí ọ̀gá rẹ ò bá dá ọ lóhùn, ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wà ní Ìbàdàn.

Mo ti fi owó díẹ̀ sí àkáǹtì rẹ. Fi ra ìwé ńlá tó ní ẹ̀yìn líle, kí o fi ìyókù pa mọ́ fún owó ọkọ̀ Ìbàdàn. Ya fọ́tò ìwé tí wọ́n ń kọ owó oṣù sí, kí o fi ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ òní kí wọ́n tó gbé e kúrò níbi tó wà. Mi ò ní sùn títí màá fi rí i.

Èmi ni,
Bùọ̀dá rẹ