Bísí, ọ̀rọ̀ ìsanra tí o bi mí

Bísí ọ̀rẹ́ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Inú bí mi sí nọ́ọ̀sì tó sọ̀rọ̀ sí ẹ bí ẹni pé àmàlà alẹ́ nìkan ló sọ ẹ́ di báyìí. Ṣebí inú abọ́ kan náà ni ìwọ àti Kẹ́mi ti jẹun dàgbà? Kẹ́mi ò sanra.

O ní ṣé àbímọ́ ni. Ó lọ́wọ́ àbímọ́ nínú, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ní 2007, àwọn onímọ̀ ní Exeter àti Oxford, lọ́dọ̀ yín ní England níbẹ̀ yẹn, rí àyípadà kan lára jíìnì FTO (jíìnì ni ìtọ́ni inú ara tí a ń jogún lọ́dọ̀ òbí). Ẹni tó bá gbà á lọ́dọ̀ bàbá, tó tún gbà á lọ́dọ̀ ìyá, máa ń fi nǹkan bíi kílò 3 wúwo ju ẹni tí kò gbà á rárá. Kílò 3 péré o!

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni ti 2015. Ọpọlọ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń wò, pé bóyá ebi ni jíìnì náà ń dá sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan, Melina Claussnitzer, Manolis Kellis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, lọ wo sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá fúnra rẹ̀, ìyẹn àwọn ègé tíńtìntín tí ọ̀rá ara wà nínú wọn. O mọ̀ pé mitochondria ló ń sun oúnjẹ nínú sẹ́ẹ̀lì bí iná ṣe ń jẹ èédú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá kan wà tí kì í kàn tọ́jú ọ̀rá pamọ́: wọ́n ń sun ún dànù, ó ń di ooru. Nínú àyípadà FTO yìí, lẹ́tà kan ṣoṣo nínú àwọn lẹ́tà mẹ́rin tí a fi ń kọ jíìnì (A, C, G àti T) ló yí, T di C. Ibi tí T wà ni purotéènì ARID5B máa ń dì mú láti pa jíìnì méjì míì, IRX3 àti IRX5, lẹ́nu mọ́. Bí C bá gba ipò rẹ̀, ARID5B ò ríbi dì mú dáadáa mọ́, àwọn méjèèjì á gbéra sọ, sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó máa sun ọ̀rá á di èyí tó ń kó o jọ. Nínú àlàyé tiwọn, FTO tí gbogbo ayé ń bú ò mọwọ́mẹsẹ̀. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ló ń ṣe é! Wọ́n fi CRISPR, ọgbọ́n tí wọ́n fi ń tún jíìnì kọ, dá lẹ́tà náà padà sí T, iná sì tún ràn. Inú abọ́ ìwádìí nìyẹn o, kì í ṣe lára èèyàn, torí náà má ra tíì kankan lọ́wọ́ ẹni tó bá ní òun ń tún jíìnì ṣe.

Ohun kan tún wà: C yẹn wọ́pọ̀ láàárín àwọn òyìnbó, àmọ́ kò pọ̀ láàárín àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó lè má sí lára rẹ rárá. Jíìnì tó ń kópa nínú ìsanra pọ̀ lọ jàra, wọn ò sì tíì wo tiwa tó bó ṣe yẹ.

Ìrìn tí ìwọ àti Délé ń rìn láàárọ̀, ẹ má dá a dúró. Nínú ìwádìí tí wọ́n kó jọ ní 2011, lára àgbàlagbà tó lé ní 200,000, agbára àyípadà FTO fi ju ìdámẹ́rin lọ dín kù lára àwọn tó ń ṣeré ìdárayá.

Kọ ohun tí dókítà bá sọ ránṣẹ́ sí mi. Bá mi kí Délé àti àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Fúnkẹ́