Ta ló wà lẹ́yìn gíláàsì?

Sí Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà tí bàbá kan kọ sí yín ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni mo fẹ́ fèsì sí. Bàbá ní àwọn kò mọ ohun tí wọ́n ń fi rédíò obìnrin ṣe, pé ilé iṣẹ́ rédíò wo ni obìnrin ò kún inú rẹ̀? Obìnrin ló ń ka ìròyìn, obìnrin ló ń tọ́kùn ètò àárọ̀, obìnrin náà ló ń polówó ọṣẹ àti àgbo. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní fún wọn: bí obìnrin yẹn bá ti jókòó ti maikirofóònù, ta ló wà lẹ́yìn gíláàsì?

Ẹni tó bá ti dé sítúdíò rí yóò mọ gíláàsì tí mò ń wí. Atọ́kùn ètò wà lápá kan. Lápá kejì ni ẹni tó wà nídìí míísà, ẹ̀rọ tó ń da ohùn pọ̀: òun ló ń gbé ohùn sókè, òun ló ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, òun ló ń mú ìpè wọlé tàbí kó já a. Láyé àtijọ́, àwọn àgbà Ìbàdàn ń pe àpótí Rediffusion, rédíò tí wọ́n ń fi wáyà fà wọ inú ilé, ní Asọ̀rọ̀mágbèsì, torí pé ó ń sọ tirẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn. Ní báyìí a lè fi fóònù fèsì, ṣùgbọ́n ìka ẹnìkan ló wà lórí bọ́tìnnì tí yóò jẹ́ kí èsì yẹn jáde. Láti bí ogójì ọdún tí mo ti ń tún ẹ̀rọ ṣe, àwọn obìnrin tí mo bá nídìí bọ́tìnnì yẹn kò pé mẹ́wàá.

Iṣẹ́ bàbá mi ni mò ń ṣe. Òkè-Àdó ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà. Nígbà tí ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, wọn kò rí àwọn òrùka aláwọ̀ tó wà lára rẹ̀sísítọ̀ mọ́ (ẹ̀yà kékeré tó ń dín iná kù nínú rédíò ni, àwọ̀ òrùka rẹ̀ ló ń sọ iye rẹ̀), èmi ni mo sì ń bá wọn kà á. Mà á ní, “Búráùn, dúdú, pupa.” Wọn á ní, “Ẹgbẹ̀rún kan nìyẹn, mú un wá.” Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ́ òjé, bí a ṣe ń fetí mọ ibi tí rédíò ti ń ráhùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá tún rédíò oníbàárà ṣe tán, tó ń ké gbanrangandan níwájú rẹ̀, kì í sanwó àfi tí bàbá bá fọwọ́ kàn án.

Ní 1984 mo wáṣẹ́ lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò kan, mo ní ìdí ẹ̀rọ ni mo fẹ́ wà. Ọ̀gá tó yẹ̀ mí wò ní ohùn mi dára, kí n lọ bá àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Mo tún ẹnu mi sọ, mo ní ìdí ẹ̀rọ. Ó rẹ́rìn-ín. Mo padà sí Òkè-Àdó. Àwa ará Ìbàdàn a máa ń fi orúkọ Màmá Anike Agbaje-Williams yangàn, torí pé ojú wọn ni ojú àkọ́kọ́ tó yọ lórí tẹlifíṣọ̀n WNTV ní October 31, 1959, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ojú àti ohùn obìnrin ti níyì nílùú yìí tipẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni a ò tíì kà sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó kà mí láyà jù. Lọ́dún tó kọjá, èmi àti ọmọ àbúrò mi fi fóònù gba ohùn àwọn obìnrin ọjà kan sílẹ̀, a gbé e fún ilé iṣẹ́ rédíò kan láti lò. Opó kan wà nínú wọn. Ó ń sọ bí àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ ṣe gba ìsọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ogójì ọjọ́ tó pé. Bó ṣe dé ibẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀, torí pé ìsọ̀ wọn kò jìnnà síbi tí a jókòó sí. Lẹ́yìn ohùn rẹ̀, a ń gbọ́ ẹnìkan tó ń polówó, “Láńgbé jinná o!”, ọmọ ń ké, wọ́n ń gúnyán. Ọmọkùnrin tó bá wa gé ètò náà kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó kàn rí i lójú kọ̀ǹpútà pé ohùn lọ sílẹ̀ níbẹ̀, ó rò pé ìdọ̀tí ni, ó gé e dànù. Ó gé ìpolówó àti igbe ọmọ náà mọ́ ọn. Ohun tó jáde lórí afẹ́fẹ́ ni obìnrin tó ń sọ pé ọjà kò tà.

Mo gbé ohùn àkọ́kọ́ wálé. Mo fi Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí a kì í fowó rà, gbé ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ yẹn sókè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi yéni, mo fi ọjà sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbé e lọ bá ìyá náà, mo fi í sí i létí. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí n yọ orúkọ àbúrò ọkọ òun kúrò, kí n fi ìyókù sílẹ̀. Mo yọ ọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀yin bàbá tó kọ lẹ́tà, ẹni tó ń gé ohùn ló ń pinnu ohun tí a gbọ́, kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nìkan.

Àwọn obìnrin ibòmíràn ti mọ èyí tipẹ́. Láti 1982 ni àwọn obìnrin Oslo ní Norway ti dá rédíò tiwọn, radiOrakel, sílẹ̀. Ní Costa Rica, rédíò àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní FIRE bẹ̀rẹ̀ ní 1991 lórí ṣọ́ọ̀tì-wéèfù, ìyẹn ìgbì tí bàbá mi fi ń wá London lóru; ní 1998 wọ́n ti gbé rédíò wọn lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì fojú kan kọ̀ǹpútà. Mama FM ti àwọn obìnrin oníròyìn Uganda bẹ̀rẹ̀ ní Kampala ní 2001. Nílé wa níbí, Toun Okewale Sonaiya dá WFM 91.7 sílẹ̀ l'Ékòó ní 2015. Ti òwò ni ti wọn, kì í ṣe rédíò agbègbè, ìyẹn èyí tí àwọn ará àdúgbò fúnra wọn ń dá sílẹ̀ láìwá èrè, ṣùgbọ́n inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo gbọ́.

Ọdún 2015 yẹn kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aráàlú níwèé àṣẹ rédíò agbègbè ní Nàìjíríà. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá owó jọ fún irú rẹ̀ ládùúgbò yín, ẹ̀bẹ̀ mi sí yín ni pé kí ìdajì àwọn tí ẹ máa kọ́ ní iṣẹ́ ẹ̀rọ jẹ́ obìnrin: àtìdí míísà, àtìdí ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sáfẹ́fẹ́, títí dórí òpó ẹ̀ríàlì. Ẹ má fi ẹ̀kọ́ náà sí ọjọ́ ọjà. Ẹ wá ibi tí ìyá ọlọ́mọ lè tẹ́ ọmọ sí.

Bàbá tó kọ lẹ́tà, bí ẹ bá ní ọmọ-ọmọ obìnrin tó ti pé ọdún méjìlá, ẹ rán an sí mi ní Mọ́kọ́lá lọ́jọ́ Sátidé. Irin ìyọ́jé mẹ́ta ló wà nílẹ̀, mi ò sì gbowó.

Èmi ni,
Ìyá Onírédíò,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.