Lẹ́tà sí Bùnmi láti Kanazawa

Bùnmi ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi okùn so igi ní ọgbà Kenroku-en níbí ní Japan, mi ò sì lè mú un mọ́ra títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì á fi jẹ́ ká gbóhùn ara wa. Ìwọ ló ń wá sí mi lọ́kàn ní gbogbo ìgbà tí mo bá wọbẹ̀. Ta ni mo tún mọ̀ tó lè wo ewé títí ọbẹ̀ á fi jóná?

Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, igi páìnì kan tí wọ́n ń pè ní Karasaki, tó wà létí adágún Kasumigaike nínú ọgbà náà, ni wọ́n sì fi ń ṣíde. Maeda Nariyasu, ẹni kẹtàlá tó jẹ lórí ilẹ̀ Kaga, ló mú èso rẹ̀ wá láti etí adágún Biwa, tó gbìn ín. Ẹ̀ka rẹ̀ ti nà gbọọrọ sórí omi báyìí. Yìnyín ìhà ibí tutù rinrin, ó sì wúwo. Bó bá bà lé ẹ̀ka lásán, ẹ̀ka á ṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé òpó gíga márùn-ún ró sáàárín igi náà, tí wọ́n á máa ju okùn koríko ìrẹsì sísàlẹ̀ látorí wọn. Nǹkan bí 800 okùn lórí igi kan ṣoṣo, Bùnmi! Bàbá kan tó ti hewú ni mo dúró tì. Ó fi ọwọ́ òsì gbé ẹ̀ka sókè díẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún so okùn, ó fà á wò, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tú u, ó tún un so.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ ti gbé mi lọ́kàn sókè. Wọ́n ní kí ẹ kó àwọn igi inú ọ̀rá tí ẹ ń tà kúrò lẹ́bàá títì kí ọdún tó parí, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n pé o fẹ́ ta gbogbo rẹ̀ lọ́pọ̀ fún ọkùnrin yẹn, kí o wá lọ máa ta aṣọ? Ọkùnrin yẹn kan náà, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀? Mi ò sùn dáadáa láti ìgbà tí mo ti gbọ́.

Mo ti yege ìdánwò èdè, eyín iwájú Tómi ti yọ, ọkọ mi kí ọ.

Ìdílé Maeda ló bẹ̀rẹ̀ ọgbà yìí ní 1676 fún ìgbádùn ara wọn. Iná jó o ní 1759, wọ́n tún un ṣe, ìgbà tó sì di 1874 ni wọ́n ṣí i fún gbogbo ènìyàn. Omi kan wà níbẹ̀ tó ń tú sókè láìsí ẹ́ńjìnnì, láìsí jẹnẹrétọ̀: adágún tó ga jù ú lọ ló ń tì í. Ojú omi tí wọ́n gbẹ́ láti odò Sai ní 1632 ló sì ń bọ́ adágún náà. Ó wù mí kí o fojú ara rẹ rí i.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Má tà wọ́n. Mo ti bá màmá mi sọ̀rọ̀, wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé àwọn ṣófo, kànga wà níbẹ̀, kí o máa kó wọn bọ̀, àwọn ò ní gba kọ́bọ̀. Àwọn òrom̀bó ni kí o kọ́kọ́ kó, torí ọ̀rá wọn ti kéré fún gbòǹgbò. Nígbà tí o bá débẹ̀, jọ̀ọ́, bá mi wo bí màmá ṣe ń gun àtẹ̀gùn. Wọ́n ń sọ fún mi pé orúnkún ti san, ṣùgbọ́n ohùn wọn kò dá mi lójú, mi ò sì lè dé kí ọdún tuntun tó wọlé. Òótọ́ ni kí o sọ fún mi, bó ti wù kó rí.

Fi ọjọ́ tí o máa kó wọn ránṣẹ́, kí n lè ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dè ọ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àbẹ̀kẹ́