Àlàbí, lọ sùn

Àlàbí ọmọ mi,

Kò yẹ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Ọ̀rẹ́ rẹ tó bá ọ wọkọ̀ ló sọ fún àbúrò rẹ, ni àbúrò rẹ bá sọ fún ìyá rẹ, pé iná ojú títì dá yín dúró, iná yí padà, àwọn tó wà lẹ́yìn ń fun fèrè, o ò lọ. O ti sùn lọ, ìwọ awakọ̀! Lọ́jọ́ kejì o bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, o ní "dáadáa ni, bàbá mi." Ṣé bí dáadáa ṣe rí nìyẹn?

Ìyá rẹ ń kí ọ. A ti tún òrùlé ṣe, kò jò mọ́. Ológbò ti bímọ sábẹ́ ibùsùn rẹ. Ọkọ̀ dúró lọ́jọ́ yẹn o. Bó bá jẹ́ pé ó ń sáré ńkọ́?

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ń bẹ, mo mọ̀ pé ìdánwò ń bọ̀. Orí rẹ pé, mi ò bá ọ jà sí i. Ṣùgbọ́n bá mi ṣírò rẹ̀, ìwọ tí ò ń kọ́ ìṣirò owó. Aago márùn-ún ìdájí lo ń jí. Bó bá fi di aago mẹ́wàá alẹ́, wákàtí 17 pé tí o ti lajú sílẹ̀. Ní 1997, àwọn olùwádìí méjì ní Austrálíà dán irú èyí wò. Ojú àti ọwọ́ ẹni tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láìsùn ń ṣe bíi ti ẹni tó mutí dé ìwọ̀n tí òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní kò gbọdọ̀ wakọ̀ mọ́. Ìwọ tí o kì í fẹnu kan ọtí! Aago mẹ́wàá yẹn gan-an lo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣíwèé. Ìgbà tí o bá pa á dé, o tún wọkọ̀.

Kí lo tilẹ̀ ń rí mú nínú ìwé ọ̀hún? Láti 1924 ni wọ́n ti rí i ní Amẹ́ríkà pé ẹni tó há ọ̀rọ̀ sórí tó sì sùn lé e, ó ń rántí ju ìgbà tó há a tán tó ń rìn kiri. Ojú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí a kọ́ sáyè rẹ̀.

Èmi ò mọ̀ nígbà náà. Àlàbí, èmi ni mo kọ́ ọ. Ọdún tí o fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde, èmi ni mo ń bu omi tútù sínú báàfù pé kí o ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ bí o bá tòògbé. Mo nà ọ́ lóru ọjọ́ kan. Mo ń fi yangàn láàárín ẹgbẹ́ mi pé ọmọ mi kì í sùn. O dé yàrá ìdánwò, ohun tí o mọ̀ bí ẹni mowó kò wá sí ọ lórí mọ́. Mo pè ọ́ ní olódo. Oorun ló ń pa ọ́, ọmọ mi, mo sì pè ọ́ ní olódo. Jọ̀ọ́, dárí jì mí.

Má sọ fún mi pé o ń mu kọfí. Alágídí! Bí ojú bá wúwo, bọ́ sẹ́bàá ọ̀nà, pa ẹ́ńjìnnì, kí o sùn. Bí o bá pẹ́ dé ibi iṣẹ́, kí wọ́n bínú.

Bó bá jẹ́ alẹ́ lo rí lẹ́tà yìí, má pè mí. Ó di òwúrọ̀.

Èmi bàbá rẹ.