Ohùn mi ni, àmọ́ èmi kọ́ ni mo sọ ọ́

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Iṣẹ́ alága ìdúró ni mò ń ṣe n'Íléṣà níbí, ẹnu mi ni oko mi, òun náà ni mo fi rán àwọn ọmọ níléèwé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ìyá kan dá mi dúró lọ́jà Àtàkúnmọ́sà, ó ní "Alága, ògùn jẹ̀dí tẹ́ ẹ ní ká rà yẹn ò ṣiṣẹ́ o, ẹ bá mi gbowó mi." Ògùn jẹ̀dí kẹ̀? Ló bá fa fóònù yọ nínú tòbí, ó tẹ̀ ẹ́, mo bá gbọ́ ara mi. Ohùn mi gan-an, pẹ̀lú ẹ̀rín tí mo máa ń rín tí mo bá ń gbowó lọ́wọ́ ẹbí ọkọ, gèlè tí mo wé lọ síbi ìgbéyàwó kan l'Ọ́ṣogbo ló wà lórí mi nínú fídíò náà, ẹnu mi sì ń mì. Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo gbọ́ ọ ló tó yé mi pé ayédèrú tí wọ́n fi ẹ̀rọ AI, ẹ̀rọ tó ń sín ohùn èèyàn jẹ, ṣe ni, torí ohùn yẹn ò mí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kò mí kanlẹ̀ rárá, ó tún ní kí ìyàwó ra ògùn fún "ọkọ́" ẹ̀, àbí ọkọ́ tá a fi ń roko náà ń ní jẹ̀dí ni?

Mo sáré lọ bá lọ́yà kan n'Ífẹ̀, mo rò pé òfin kọ́píráìtì tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí lóṣù Kẹta 2023 á bá mi mú wọn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òfin yẹn ń dáàbò bo orin, ìwé, fíìmù àti ohùn tí wọ́n bá ti ká sílẹ̀, kò mẹ́nu ba ohùn tó wà lọ́nà ọ̀fun èèyàn. Ohùn tí wọ́n ká sílẹ̀ gan-an, ẹni tó ṣètò bí wọ́n ṣe ká a ló ni ín, kì í ṣe èmi tí mo pariwo! Òfin gbà pé kẹ́nikẹ́ni má ká eré mi láìgbàṣẹ, àmọ́ ẹ̀rọ yìí kàn gbọ́ mi títí ó fi mọ̀ mí ni, ó wá ń dá ọ̀rọ̀ tiẹ̀ sọ. Ọ̀rọ̀ tí mi ò sọ rí, báwo ni mo ṣe fẹ́ ní wọ́n jí i? Lóòótọ́ wọ́n á ti kọ́kọ́ da fídíò mi kọ kí wọ́n tó fi kọ́ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n yàrá ta ni wọ́n ti ṣe é, ìlú wo? Ẹni tó ni nǹkan lè kọ̀wé pé kí wọ́n yọ nǹkan ẹ̀ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ wọ́n á kọ́kọ́ bi í pé kí ló ní. (Ọkọ mi ní kí n fi sílẹ̀, pé okìkí ni.)

Ní Tennessee l'Amẹ́ríkà, níbi táwọn olórin pọ̀ sí, ohùn èèyàn ti wọnú òfin láti oṣù Keje 2024, orúkọ olórin wọn, Elvis Presley, ni wọ́n fi pè é. Ìjọba Denmark náà gbé àbá jáde ní 2025 pé kí ojú àti ohùn èèyàn wọnú òfin kọ́píráìtì wọn. Ẹ̀yin aṣòfin wa l'Ábújá, kí lẹ fi wá pè, àwa akéwì, alága, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, tó jẹ́ pé ohùn nìkan la ní?

Mo dá owó ìyá yẹn padà fún un, 3,500 náírà. Kì í ṣe pé mo jẹ ẹ́ o, ọmọ ẹ̀ ló fẹ́ ṣègbéyàwó ní Disẹ́ńbà, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n lọ pe alága míì.

Èmi ni tiyín,
Alága ìdúró kan, Iléṣà