Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì: má dá ìyà náà jẹ

Àkúrẹ́

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

O kú ojú òtútù, o sì kú ìtọ́jú aláìsàn. Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn. O ní láti ìgbà tí kíndìnrín Bàbá Ìbejì ti daṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ìgbà 3 lọ́sẹ̀, kò sí ẹnì kan nínú ìjọ yín ní Kánádà tó mọ̀. Wọ́n rò pé iṣẹ́ ni kì í jẹ́ kó wá sí ìsìn. O ò fẹ́ kí wọ́n máa fi ojú àánú wò yín.

Ó yé mi, ọ̀rẹ́ mi. Ìwọ tí o máa ń gbé oúnjẹ lọ fún aláìsàn nígbà tí o wà lọ́dọ̀ wa, kò rọrùn kó wá di ìwọ ni wọ́n ń gbé oúnjẹ wá fún. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìjọba ibẹ̀ ń san owó ìtọ́jú náà, a dúpẹ́. Ìjọba kò ní bá ọ gba ọmọ níléèwé.

Jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mo fojú mi rí fún ọ. Arábìnrin kan nínú ìjọ wa, ó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba, ọkọ rẹ̀ kú lójijì. O mọ bí a ti ń ṣe: ilé kún, akọrin dé, gbogbo ẹnu ń sọ pé Ọlọ́run á tù yín nínú. Ìsìnkú parí, kálukú bá tirẹ̀ lọ. Ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ obìnrin wa ni kò lọ. Ìyá yìí kì í wàásù, kì í sì í gbàdúrà sókè. Láràárọ̀ ló ń lọ bá a ṣí ìsọ̀, tí á jókòó tì í. Bí ẹkún bá gbọ̀n ọ́n nígbà tó ń wọn èlùbọ́ lọ́wọ́, ìyá á rọra gba kọ́ńgò lọ́wọ́ rẹ̀, á bu ìyókù sí i títí orí rẹ̀ á fi ṣe gogoro, á dà á sínú ọ̀rá fún oníbàárà, á gba owó, á kì í bọ àpò ìyàwó olóògbé. Kò ní sọ nǹkan kan. Mo gbà pé òun ló gba obìnrin náà là.

Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù pàápàá, ọjọ́ 7 tí wọ́n fi jókòó tì í nílẹ̀ láìfọhùn ni wọ́n ṣe dáadáa. Ìgbà tí wọ́n lanu, tí wọ́n ń wá ẹ̀ṣẹ̀ tó dá, ni wọ́n bà á jẹ́. Mo mọ̀ pé irú wọn lò ń bẹ̀rù, ẹni tí yóò béèrè bóyá ẹ gbàdúrà tó. Wọ́n pọ̀ láàárín wa, ó sì ń dùn mí gan-an. Má tìtorí wọn tilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó kù.

Ṣé o rántí Ọ̀wọ̀? Ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2022, nígbà tí àwọn agbébọn kọlu ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St Francis. Bí ènìyàn 40 ló kú. Lọ́jọ́ yẹn, ẹkún ìjọ kan di ti gbogbo wa, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n bóyá Kátólíìkì ni wọ́n. Wọ́n ṣe ìsìn ìsìnkú wọn ní ọjọ́ 17 oṣù náà. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn kì í kúrò lọ́kàn mi ni àwọn tó yè é, ẹni tó pàdánù ẹsẹ̀, ẹni tó pàdánù ojú. Àwọn oníròyìn ti kó kámẹ́rà wọn lọ tipẹ́. Ẹni tó gé lẹ́sẹ̀ ṣì nílò ẹni tí yóò bá a pọnmi láàárọ̀ òní. Pọ́ọ̀lù ní bí ẹ̀yà ara kan bá ń jìyà, gbogbo ẹ̀yà yòókù a máa bá a jìyà. Ẹ ò ní jẹ́ kí ìjọ yín mọ̀ ni?

Má gbé e lọ síwájú pẹpẹ. Wá ẹnì kan péré, bóyá arábìnrin ará Ghana tí o ní ẹ jọ máa ń jókòó. Má sọ pé kó máa rántí yín ládùúrà nìkan. Sọ fún un pé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, o nílò ẹni tó máa gba àwọn ọmọ níléèwé. Bó bá fẹ́ se oúnjẹ wá, sọ ohun tí dókítà ní kí Bàbá Ìbejì dín kù fún un, iyọ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀, tòmátì, kí inú rere má baà di ìpalára.

Ní tiwa níbí, mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ Ìyá Bàbá Ìbejì ń dá gbé ní Ìṣìnkàn, ọkàn rẹ̀ ò sì ní balẹ̀. Bí o bá gbà, mo fẹ́ kí àwa mélòó kan nínú ẹgbẹ́ máa yà kí i, kí a máa bá a ra nǹkan lọ́jà, kí a sì máa sùn tì í nígbà míràn. Ọjọ́rú ni ìpàdé wa. Fi èsì ránṣẹ́ kó tó di ìgbà yẹn, kí o sì fi orúkọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí màmá ń lò kún un.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Ìyá Dàmọ́lá